Ẹṣin Tí A Kò Bí Nílé: Akọ Ẹṣin nínú Ìtàn Ọ̀yọ́ àti nínú Èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Ìtàn tó wà nídìí ẹranko yìí kan èdè wa, ó kan ìjọba tí àwọn baba wa dá sílẹ̀, ó sì kan ọ̀nà tí ìjọba náà gbà tú ká.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní retí ẹṣin. Awoye jẹ́ ìlú àwọn apẹja ní etí òkun, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òkun wà níwájú rẹ̀, omi ọ̀sà àti ẹrọ̀fọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí òpó igi ni wọ́n ń kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n fi ń ṣe afárá láti ilé dé ilé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń lọ sí ọjà, sí oko ẹja àti sí ilé àna. Láti ọdún pípẹ́ ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ìlú náà, tí ó ń lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn. Kò sí ibi tí ẹṣin yóò fi ẹsẹ̀ lé níbẹ̀, kò sì sí koríko tí yóò jẹ. Síbẹ̀, bí àgbà Ìlàjẹ kan bá fẹ́ la ọ̀rọ̀ yé àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí yóò ní, "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ lẹṣin òwe, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a." Báwo ni ẹranko tí kò lè gbé ní etí omi ṣe wá di ohun tí àwọn ará etí omi fi ń ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ ẹnu?

Ìbéèrè kejì wúwo jù ú lọ. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ẹṣin, a fi jagun, a fi jọba, a fi pa òwe. Kí ló dé tí a kò fi di ẹni tí ń sin ẹṣin, tí ń yan akọ fún abo, tí ń tọ́ ọmọ ẹṣin dàgbà títí tí yóò fi tó ogun lọ?

Ẹṣin nínú ẹnu wa

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹṣin ti ta gbòǹgbò tó nínú èdè wa. A ní, "Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré," nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwòkọ́ṣe. A ní, "À ń di gàárì sílẹ̀, ewúrẹ́ ń yọjú, ẹrù ìran rẹ̀ ni?" nígbà tí ẹnìkan bá ń dá sí ohun tí kò kàn án. A tún ní pé ẹni tó gun ẹṣin tí kò ju ìpàkọ́, ẹṣin tí ó gùn yóò bá a jù ú. Òwe yìí fi hàn pé ẹṣin kì í ṣe ohun ìrìnnà lásán lójú àwọn baba wa. Ipò ni. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti ga ju ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fi ojú sí. Ọ̀rọ̀ náà ni *gùn*. A ń gun ẹṣin. Akọ ẹranko ń gun abo. Òrìṣà pàápàá ń gun ènìyàn, ìdí nìyí tí a fi ń pe ẹni tí Ṣàngó máa ń gùn ní ẹlẹ́gùn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì, wọ́n gbé èrò yìí dání. Títí di òní, àwọn ọmọ òrìṣà níbẹ̀ ṣì ń fi èdè Sípáníìṣì àti èdè Potogí pe ẹni tí òrìṣà gùn ní ẹṣin òrìṣà. Ẹṣin náà kò bá wọn wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọn lọ.

Oyè náà kò gbẹ́yìn. Ní ààfin Ọ̀yọ́, Olókùn-ẹṣin ni olórí àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú ẹṣin ọba. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ka Olókùn-ẹṣin mọ́ àwọn tí ó gbọ́dọ̀ bá ọba kú. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù December 1944, ìjọba òyìnbó dá sí i kí Olókùn-ẹṣin má bàa bá a lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré *Ọba Wàjà* ní 1964, òun náà ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré oníṣe tirẹ̀ tí ó jáde ní 1975. Ẹṣin ọba àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá.

Kí ni à ń wò lára akọ ẹṣin?

Kí a tó padà sí Ọ̀yọ́, ó dára kí a mọ ohun tí iṣẹ́ sísin ẹṣin jẹ́. Abo ẹṣin ń lóyún fún nǹkan bí oṣù 11, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Ọmọ náà yóò tó ọdún 2 sí 3 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti gbé ènìyàn, yóò sì tó ọdún 4 tàbí 5 kí egungun rẹ̀ tó gbó dáadáa. Bí a bá ka oyún mọ́ ọn, ẹni tó mú akọ bá abo lónìí yóò dúró fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó mọ̀ bóyá yíyàn òun dára. Bí ó bá ṣe àṣìyàn, ọdún márùn-ún ti lọ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń fara balẹ̀ yan akọ. Abo kan kò lè bí ju ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ lọ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ kan lè di baba ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àléébù tó wà lára abo yóò ran ọmọ mélòó kan, àléébù tó wà lára akọ sì lè ran odindi ìran. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ àti pátákò rẹ̀, nítorí ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún kò ní pẹ́ lẹ́nu eré. Wọ́n ń wo ìwà rẹ̀, bóyá ó ń gbọ́ràn tàbí ó ń jà. Wọ́n ń wo àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì ń wo àwọn ọmọ tí ó ti bí ju ẹwà òun fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá wo abo tí wọ́n ní lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó kù fún un, nítorí akọ tí ó dára fún abo kan lè má dára fún òmíràn. Akọ tí kò bá yege nínú gbogbo èyí, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n a sì máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́.

Ìran ẹṣin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Quarter Horse jẹ́ àpẹẹrẹ tó yé kooro. Àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó sí Virginia àti Carolina ní ọ̀rúndún 17 fẹ́ràn láti máa sá eré ẹṣin kúkúrú ní ojú títì, ìdámẹ́rin máìlì kan, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 400. Láti ara ìdámẹ́rin yìí ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n fi ẹṣin tí ó ti wà nílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin àwọn ará Spéìnì wà lára rẹ̀, pọ̀ mọ́ ẹṣin eré tí wọ́n kó wá láti England. Ní àwọn ọdún 1750, wọ́n mú akọ kan tí ń jẹ́ Janus dé Virginia, àwọn ọmọ rẹ̀ sì di olókìkí nínú eré kúkúrú. Ní 1940 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìran náà sílẹ̀ ní Texas. Akọ ẹṣin kan tí ń jẹ́ Wimpy ni wọ́n fún ní nọ́ńbà kìn-ín-ní nínú ìwé náà, lẹ́yìn tí ó gba ipò àkọ́kọ́ níbi ìfihàn ẹṣin tí wọ́n ṣe ní Fort Worth ní 1941.

Ìran yìí kan náà ni ó kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní 1969 ni wọ́n bí akọ kan tí ń jẹ́ Impressive. Ara rẹ̀ yọ, iṣan rẹ̀ ki, gbogbo ojú ni ó wù. Àwọn ènìyàn sáré gbé abo wọn lọ bá a, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì kún ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àrùn kan tí ń mú kí iṣan ẹṣin máa gbọ̀n, tí ó sì lè dá a wó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ibi tí àrùn náà ti ṣẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Láti 2007 ni ẹgbẹ́ náà ti kọ̀ láti forúkọ ọmọ ẹṣin tí ó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fi ojú nìkan yan akọ, ẹ̀jẹ̀ ni yóò bá a ṣírò.

Ọ̀yọ́ orí ẹṣin

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, wà ní apá àríwá ilẹ̀ Yorùbá, nínú ọ̀dàn, níbi tí igi kò ti dí ojú ọ̀nà. Ní ọ̀rúndún 16, àwọn Tápà ṣí Ọ̀yọ́ nídìí, ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀dó sí Ìgbòho. Àwọn Tápà àti àwọn Ìbàrìbá ni ọ̀nà ẹṣin kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ọ̀yọ́ so okun àwọn ẹlẹ́ṣin pọ̀ mọ́ ìjọba Ọrọmpọ̀tọ̀ ní Ìgbòho, ẹni tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé obìnrin ni. Ẹ̀kọ́ tí ogun kọ́ Ọ̀yọ́ ni pé ẹni tí kò bá ní ẹṣin nínú ọ̀dàn, ẹran ọdẹ ni.

Láti ìgbà náà ni Ọ̀yọ́ ti di ẹlẹ́ṣin. Ní 1698, ogun ẹlẹ́ṣin kan láti òkè ya wọ Allada, nítòsí òkun, nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Willem Bosman, oníṣòwò ará Holland, kọ nípa rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn sì gbà pé Ọ̀yọ́ ni. Ní 1726, Ọ̀yọ́ kọlu Dahomey. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ní ìbọn, ìró ìbọn sì ń dẹ́rù ba àwọn ẹṣin, síbẹ̀ Ọ̀yọ́ ń padà wá lọ́dọọdún títí Dahomey fi gbà láti máa san ìsákọ́lẹ̀ ní 1730. Wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní 1748, wọ́n sì ń san án títí di àwọn ọdún 1820, nígbà tí Ọba Gezo kọ̀.

William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará England tó kọ ìwé ní 1734, mẹ́nu ba ohun kan tí ó yẹ kí àwọn ará Awoye gbọ́. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé òkun ni òrìṣà àwọn Ọ̀yọ́, àti pé èèwọ̀ ni fún wọn láti fi ojú rí i, ikú ni ìyà rẹ̀. Ohun yòówù kí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó bá ohun tí ojú rí mu. Ibi tí omi àti irà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni agbára ẹlẹ́ṣin ti parí. Ọ̀nà ọ̀dàn tí ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá ni Ọ̀yọ́ ń gbà dé Àjàṣẹ́, nítorí igbó kò dí níbẹ̀. Ìlàjẹ kò sí lójú ọ̀nà ẹṣin rárá.

Eṣinṣin tó ṣẹ́gun ẹṣin

Kí ló wá dé tí Ọ̀yọ́ kò fi sin ẹṣin tirẹ̀ kí ó tó? Àwọn kan a máa rò pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n ṣe. Irọ́ ni. Eṣinṣin ni ó dí wọn lọ́wọ́. Eṣinṣin tsetse ń gbé inú igbó àti etí odò tí igi bò. Bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ní kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ trypanosoma lára, tí ó sì tún mu ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, kòkòrò náà yóò wọ ara ẹṣin. Ẹṣin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, yóò sì kú. Abo tó lóyún lè ṣẹ́ ẹ. David Bruce, dókítà ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Zulu ní àárín 1894 sí 1896. Kí ó tó dé, àwọn ẹlẹ́ṣin Áfíríkà ti mọ̀ fúnra wọn pé ikú ẹṣin wà nínú igbó, pàápàá ní ìgbà òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Ọ̀yọ́ fi ń jagun ní gúúsù, bí òjò bá sì ti ń sún mọ́, wọn a padà sílé.

Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí àgbègbè eṣinṣin yìí. A lè bí ọmọ ẹṣin kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ikú ń yára ju ìbí lọ. Ẹni tí yóò dúró ọdún 5 kí ẹṣin kan tó tó gùn, tí àrùn sì lè pa á láàárín oṣù mélòó kan, kò ní ìdí láti máa yan akọ fún abo. Rírà ló rọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀yọ́ ṣe ń ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ará àríwá lọ́dọọdún.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní England ní àkókò kan náà. England pẹ̀lú kò ní ẹṣin eré tó yá. Láàárín àwọn ọdún 1680 àti 1730, wọ́n kó àwọn akọ láti ìhà Ìlà-Oòrùn dé ibẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì ni wọ́n wá gbà pé ó jẹ́ baba ńlá ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Thoroughbred: Byerley Turk, Darley Arabian tí ó dé ní 1704, àti Godolphin Arabian. Wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ abo ilé, wọ́n ń kọ ìran wọn sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1791 wọ́n ti tẹ ìwé ìran náà jáde. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, àwọn ni wọ́n ń ta ẹṣin fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ kíyèsí ọdún yìí: 1704 bọ́ sí àárín ogun Allada àti ogun Dahomey. Ọ̀yọ́ náà ní owó, ó ní ìfẹ́ ẹṣin, ó sì ní àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Akọ díẹ̀ ni England rà kí ó lè sinmi rírà. Ọ̀yọ́ kò lè sinmi rírà láéláé.

Kí ni a fi ra ẹṣin?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti koro, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fò ó. Ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń ra ẹṣin. Kì í ṣe ní Ọ̀yọ́ nìkan. Ca' da Mosto, ará Venice tó dé ìhà Senegal ní 1455, kọ ọ́ pé ẹṣin kan ń lọ fún ẹrú mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá níbẹ̀. Ní ti Ọ̀yọ́, wọ́n ń fi ẹlẹ́ṣin mú ẹrú, wọ́n ń ta ẹrú fún àwọn òyìnbó ní etí òkun, wọ́n sì ń fi ọjà òyìnbó àti owó ẹyọ ra ẹṣin ní àríwá. Ẹṣin náà ni wọn yóò tún fi lọ mú ẹrú mìíràn. Ẹṣin tí a kò bí nílé ni a fi ọmọ ẹlòmíràn san owó rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ *gùn* dé Kúbà àti Bràsíìlì.

Àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin náà pẹ̀lú, ẹrú láti àríwá ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí àwọn ni wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí Àfọ̀njá, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin, tí ó sì pe àwọn ẹrú Mùsùlùmí wọ̀nyí ní nǹkan bí ọdún 1817, wọ́n dá olówó wọn sílẹ̀, wọ́n sì lọ bá a. Láìpẹ́ Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ ṣubú lọ́wọ́ wọn, Ìlọrin sì di ti àwọn Fúlàní. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Oríṣiríṣi nǹkan ló pa Ọ̀yọ́: ìjà láàárín Aláàfin àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ọ̀tẹ̀ àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, ogun Ìbàrìbá ní 1783 àti ti Tápà ní 1790 sí 1791. Ṣùgbọ́n ìjọba tí agbára rẹ̀ wà lórí ẹranko tí aládùúgbò rẹ̀ ń bí fún un ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sí ọwọ́ aládùúgbò náà. Ní nǹkan bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́-Ilé dahoro.

Ẹ̀san náà yí padà lẹ́yìn náà. Ìlọrin tí ó jogún ẹṣin gbìyànjú láti sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn pàdé wọn ní Òṣogbo, etí igbó, ó sì ṣẹ́gun wọn. Igbó àti eṣinṣin tí kò jẹ́ kí Ọ̀yọ́ sin ẹṣin wà lára ohun tí ó dáàbò bo àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó sá wọ gúúsù.

Lóde òní

Ẹṣin kò parẹ́ láàárín wa. Àwọn òyìnbó dá ẹgbẹ́ póló sílẹ̀ ní Èkó ní 1904, wọ́n sì ń sá eré ẹṣin ní pápá tí ó di Tafawa Balewa Square lẹ́yìn 1972. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ níbi Ojúde Ọba. Ní oṣù June 2024, àwòrán wọn tàn ká gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aṣọ wọn dára, gàárì wọn ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà ti wá, àríwá ni wọn yóò tọ́ka sí. Àwọn tí ń ṣe póló náà ń wá ẹṣin lọ sí àríwá, sí Sudan àti sí Argentina.

Àárín ọ̀rúndún 20 ni oògùn bíi diminazene ti dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ẹṣin kì í gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ bí ti màlúù. Igbó púpọ̀ náà ti di oko. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹṣin eré ní Ṣakí tàbí ní Ìlọrin lónìí ní àǹfààní tí Ọ̀yọ́ kò ní. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bi mí, n óò sọ fún un pé kí ó má kọ́kọ́ sáré lọ ra akọ olówó iyebíye láti Texas. Kí ó kọ́kọ́ kó abo ilẹ̀ wa tí oòrùn, ebi àti àrùn ti dán wò jọ, kí ó kọ orúkọ àti ìran wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá akọ tí yóò fi eré àti ìwà kún ohun tí wọ́n ti ní, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ akọ nìkan kò lè ṣe é. Ìdajì ọmọ, ti ìyá rẹ̀ ni, ìyá sì ni ó mọ ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Awoye. Ẹṣin àwọn Ìlàjẹ ni ọkọ̀ ojú omi. Láti inú igi igbó ni àwọn baba wọn ti ń gbẹ́ ẹ, ọmọ ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba, kò sí ọ̀tá kan tó lè ti ọ̀nà rẹ̀ pa. Ohun tí Ọ̀yọ́ kò ní ni èyí. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ Ìlàjẹ má tíì yọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí ń ti ọkọ̀ náà lóde òní, òkè òkun ni ó ti ń wá, epo rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń bù ní odò. Bí owó ẹ̀rọ bá fò sókè, ọkọ̀ a dúró. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń yá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rìn, kí ó máa rántí Ọ̀yọ́.

Iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ń kú lẹ́nu wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ mọ *gàárì* nínú òwe, wọn kò mọ̀ ọ́n lójú. Wọ́n mọ *ìjánu* nínú ọ̀rọ̀ nípa kíkó ara ẹni níjàánu, wọn kò mọ̀ pé ẹnu ẹṣin ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọ̀ ẹṣin, orúkọ ìrìn rẹ̀, orúkọ àrùn rẹ̀ àti ti ewé tí wọ́n fi ń wò ó, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn àgbà díẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ẹṣin ni a kò rí bí nílé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé wa ni a ti bí i, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó di ohun tí a óò máa lọ rà padà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú.